Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ MBA, tí mo sì ń gbé ṣọ́ọ̀bù mi lọ sí kíláàsì

Nígbà tí mo fẹ́ wọlé MBA, ìyẹn dìgírì kejì nínú ìmọ̀ okòwò, transcript, ìwé tó ń kó gbogbo máàkì ẹni jọ, ló kọ́kọ́ fojú mi rí màbo. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìwé tí mo ti gba dìgírì àkọ́kọ́, mo sanwó, mo tún lọ síbẹ̀ fúnra mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń gbèrò MBA, ẹ má dúró de ìgbà tí fọ́ọ̀mù máa jáde, ẹ tètè lọ wá transcript, kẹ́ ẹ sì wá sàtífíkéètì NYSC yín síta, wọ́n máa bèèrè ẹ̀.

Part-time ni mo mú ní Yunifásítì Èkó, l'Akoka, torí mi ò lè ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹja tútù ni mò ń tà n'Íkòròdú. Níbẹ̀rẹ̀, ṣe ni mò ń há ìwé sórí bí ẹni fẹ́ ṣe WAEC, àfìgbà tá a dé orí break-even, ìyẹn iye ọjà tá a gbọ́dọ̀ tà ká má jèrè, ká má sì pàdánù. Lẹ́kíṣọ̀rà ní ká ro gbogbo owó tó ń jáde lóṣù papọ̀, bóyá a tajà o, bóyá a ò tà, ká wá fi èrè orí ẹyọ ọjà kan pín in. Mo délé mo ṣí ìwé ọjà mi: rẹ́ǹtì, epo jẹnẹrétọ̀, owó ọmọ tó ń bá mi tajà, ó lé díẹ̀ díẹ̀ ó di ₦240,000. Èrè orí páálí Títúsì kan, ₦3,000. Á jẹ́ pé mo gbọ́dọ̀ ta 80 páálí lóṣù kí kọ́bọ̀ kan tó kù sí mi lọ́wọ́, bíi 90 ni mo sì ń tà. Gbogbo wàhálà yẹn, èrè páálí mẹ́wàá! Mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Gúrúùpù tá a jọ ń kàwé tún ràn mí lọ́wọ́ gan-an. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ bánkì, mi ò fẹ́ kí gbogbo wa jẹ́ ọlọ́jà. Ará bánkì yẹn wo ìwé mi, ó ní, "Àǹtí, àwọn wo ló jẹ yín lówó?" Mo ka orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé, 31, àwọn ìyá olóúnjẹ ló pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ owó ọwọ́ ni coldroom tí mo ti ń ra ẹja ń gbà lọ́wọ́ tèmi. Àwìn ò kọjá ọjọ́ méje mọ́ báyìí. Méjì nínú wọn bínú lọ, ọ̀kan ti padà wá.

Gbogbo assignment tí wọ́n bá ti ní ká mú ilé iṣẹ́ tó wù wá, ṣọ́ọ̀bù mi ni mò ń mú. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, bóyá kí n ra fìrísà tó ń lo iná sólà ni àbí kí n máa ra epo jẹnẹrétọ̀ lọ, Fráídè ni mo máa fi sílẹ̀.