Okùn nẹ́tíwọ̀kì kan ló mú mi ra dísíìkì tí n kò nílò

Mo ti náwó ra SSD tuntun, dísíìkì tó yára, kí n tó mọ̀ pé dísíìkì kọ́ ló ń dá backup (ẹ̀dà ìpamọ́ fáìlì) mi dúró. Ó ṣì ń dùn mí. Àwòrán àti fídíò tó tó 900 GB ni mo fẹ́ ṣe ẹ̀dà wọn láti orí kọ̀ǹpútà kan sí èkejì. Inú yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì wà, swítìṣì kan, àpótí tí okùn nẹ́tíwọ̀kì ti ń pàdé, ló sì so wọ́n pọ̀. Mo ti rò ó pé kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò ti parí. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ó ṣì ń lọ. Ó gbà tó wákàtí 22.

Rsync ni ètò tí mo fi ń ṣe ẹ̀dà fáìlì, SSH sì ni ọ̀nà aláàbò tó ń gbà kọjá láàárín ẹ̀rọ méjèèjì. Bí wọ́n ṣe ń ṣètò wọn, n kò ní dúró lórí ìyẹn. Ibi tó ti há ni kí ẹ gbọ́.

Mo fi SSD tuntun sí i: 11 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Mo yọ -z, tó ń fún fáìlì pọ̀ kó tó lọ, kúrò nínú àṣẹ rsync, torí pé àwòrán JPEG àti fídíò ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣe ni títún wọn fún pọ̀ kàn ń da processor láàmú: 11 náà ni. Mo pa gbogbo ẹ̀rọ, mo tún tàn wọ́n: 11. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yí ètò kiri, tí inú ń bí mi. Bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yẹn ti ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀! Bó bá jẹ́ dísíìkì ni, iye yẹn ì bá máa lọ sókè sódò. Èyí dúró gbagidi sójú kan.

Ìgbà tí mo wá lo iperf3, tó ń wọn nẹ́tíwọ̀kì nìkan láì fọwọ́ kan dísíìkì, ó ní megabit 94 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bit mẹ́jọ ló wà nínú byte kan: ẹ fi 8 pín in, ẹ ó rí 11 yẹn níbẹ̀. Mo tẹ ethtool, àṣẹ tó ń fi iyára tí káàdì nẹ́tíwọ̀kì ń lò hàn, ó kọ ọ́ gbangba: 100Mb/s. Gigabit (1000Mb/s) sì ni swítìṣì àti káàdì méjèèjì.

Okùn ni. Wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Gigabit nílò gbogbo wọn, ṣùgbọ́n mẹ́rin ti tó fún 100. Ọ̀kan ti já lẹ́nu okùn mi, ni àwọn ẹ̀rọ bá rọra sọ̀ kalẹ̀ sí 100. Wọn kò kìlọ̀, iná swítìṣì sì ń ṣẹ́jú bí ẹni pé kò sí nǹkan. Èyí ló bí mi nínú jù lọ.

Mo pààrọ̀ okùn, iperf3 fò sí 940. Inú mi dùn dé ẹsẹ̀! Fódà kan tó kún fún fáìlì kéékèèké ṣì ń wọ́; tar, tó ń sọ ọ̀pọ̀ fáìlì di ẹyọ kan, ni mo fi dì í pọ̀ gba inú SSH lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà náà, rsync ń gbé kìkì ohun tó yí padà. 900 GB yẹn parí láàárín wákàtí mẹ́ta.

Ẹ kọ́kọ́ lo iperf3 kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Mo padà dán dísíìkì àtijọ́ mi wò: ó ń kọ 150 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ju ohun tí gigabit lè gbé wá lọ. Okùn yẹn ńkọ́? Mo ti fi sísọ́ọ̀sì gé e sí méjì, kí ẹnikẹ́ni má baà tún kì í bọ ẹ̀rọ.