Ẹrẹ̀ tí mo bù nísàlẹ̀ ọ̀sà Àjàṣẹ́

Oṣù kẹwàá ni mo kọ́kọ́ lọ bu ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, nígbà tí omi odò Ouémé ti kún dé. Foraminifera ni mò ń wá. Ẹ̀dá abẹ̀mí kín-ń-kín ni wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ní ìkarahun, orí ẹrẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé. Mo sẹ́ ẹ, mo tẹjú mọ́ maikirosikóòpù títí ojú fi ń ro mí, n kò rí ẹyọ kan tó wà láàyè.

Bàbá apẹja tó fi ọkọ̀ gbé mi ló là mí lójú. "Ọmọ mi, omi yìí ò níyọ̀ báyìí. Jẹ́ kí ọyẹ́ dé ná. Tí iyọ̀ bá wọlé, ewé tó bo ojú omi yìí á kú fúnra rẹ̀." Òótọ́ ni. Omi òkun àti omi tó níyọ̀ díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ foraminifera fẹ́.

Mo padà lọ ní oṣù kejì. Ọ̀pá ike ni mo tì wọnú ẹrẹ̀, sẹ̀ǹtímítà kan tó wà lókè nìkan ni mo sì gé. Mo rẹ ẹ́ sínú etanọ́ọ̀lù tí mo po aró Rose Bengal sí, mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 14, kí n tó fọ̀ ọ́ lórí asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.063 mílímítà. Èyí tó wà láàyè lọ́jọ́ tí a bù ú máa ń pọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú náà lè pọ́n díẹ̀, nítorí náà, èyí tí inú ìkarahun rẹ̀ pọ́n dáadáa nìkan ni mo kà.

Kí ló dé tí mo fi ń ṣe wàhálà yìí? Omi ìdọ̀tí ilé àti ajílẹ̀ oko ń gbé nitrogen àti phosphorus wọnú ọ̀sà. Ewé omi á gbèrú, á kú, á jẹrà, ìjẹrà náà á sì fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tán nísàlẹ̀. Irú foraminifera tí a ń pè ní Ammonia lè fara dà á. Irú mìíràn, Elphidium, kò lè fara dà á tó bẹ́ẹ̀. Ní etí òkun Louisiana ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ti fi iye àwọn méjèèjì wéra láti mọ ibi tí ọ́síjìn ti ń tán.

Lẹ́bàá ẹnu gọ́tà, Ammonia, tó ká bí ìgbín, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gba gbogbo àwo náà. Ó dùn mí gan-an. Síbẹ̀, n kò tíì lè di gbogbo rẹ̀ ru ìdọ̀tí, nítorí pé Ammonia fara da iyọ̀ tó ń yí padà náà. Nísinsìnyí, mò ń wọn iyọ̀ níbi gbogbo kí n tó bu ẹrẹ̀, ibi tí iyọ̀ wọn bá dọ́gba ni màá fi wéra. Bàbá ti ní òun á gbé mi lọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí òjò tó dé.