Bí a ṣe ń kọ ìwà ewúrẹ́ àti ajá sílẹ̀ lọ́nà sáyẹ́ǹsì

Ní agboolé wa ní Ilé-Ifẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ ìwà ewúrẹ́: wọ́n á ní èyí lágídí, wọ́n á ní tọ̀hún lójú kòkòrò, òmíràn sì wà tí gbogbo ilé ń pè ní òǹrorò. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣèwádìí ìwà ẹranko bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí pé ìdájọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ohun tí ojú rí. Ìwé, pẹ́ńsù àti aago ti tó fún iṣẹ́ náà.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ẹranko náà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n lè mọ́ yín lára, nítorí pé ewúrẹ́ tí ó ṣì ń wo ọwọ́ yín bóyá èèpo iṣu wà níbẹ̀ kò ní hu ìwà tí ó ń hù nígbà tí ó dá wà. Láàárín àsìkò yìí ni kí ẹ to gbogbo ìṣesí tí ẹ bá rí jọ, kí ẹ sì ṣàpèjúwe ọ̀kọ̀ọ̀kan débi pé bí ẹlòmíràn bá ń wò láti òdìkejì ọgbà, ohun kan náà ni yóò kọ. “Ó ń bínú” kò wúlò. “Ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, ó sì fi ìwo sọ̀kalẹ̀ lu èkejì lórí” wúlò. Bí ó bá dùbúlẹ̀, ẹ wo àgbọ̀n rẹ̀, nítorí pé èyí tí ó ń jẹ àpọ̀jẹ yàtọ̀ sí èyí tí ó kàn ń sinmi.

Ọ̀rọ̀ aago ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ìjà àti eré ló ń fa ojú mọ́ra, nítorí náà ẹni tí ó bá ń kọ ohun tí ó wù ú yóò kó ìjà kún ìwé, nígbà tí ewúrẹ́ ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí dùbúlẹ̀. Ní ọdún 1974, Jeanne Altmann, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣọ́ àwọn ìnàkí ní Kẹ́ńyà, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ìṣòro yìí gan-an, ọ̀nà méjì nínú èyí tí ó ṣàlàyé sì tó wa lò nínú ilé. Nínú ti àkọ́kọ́, ní ìṣẹ́jú 10-10, ẹ wo agbo náà láti òsì sí ọ̀tún, kí ẹ kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní kété tí ojú yín bà lé e. Nínú ìkejì, ẹ ṣẹ́ kèké mú ẹyọ kan, kí ẹ sì tẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú 15, bí ó tilẹ̀ sùn.

Èmi náà jẹ̀bi tẹ́lẹ̀. Mo ti kọ “ìkà” sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ abo dúdú kan tí ìyá àgbà ń sìn, nítorí pé ó máa ń lé gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí agbada. Nígbà tí mo wá wo ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo rí i pé ìdí agbada nìkan ni ìjà náà ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a sì pín èèpo iṣu sí ibi mẹ́ta tí ó jìnnà síra, ó rọlẹ̀. Irú ipò ọ̀gá àti ọmọ abẹ́ tí Thorleif Schjelderup-Ebbe, ará Norway, ṣàpèjúwe láàárín àwọn adìẹ ní àwọn ọdún 1920 ni mo ń wò, mo sì ń pè é ní ìkà.

Bí àkọsílẹ̀ bá ti pọ̀, ìgbà náà ni a lè béèrè ìdí. Niko Tinbergen, onímọ̀ ìwà ẹranko tí ó wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1973, pín “kí ló dé” sí mẹ́rin. Ẹ fi ewúrẹ́ tí ó ń sá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà òjò dán an wò: kí ni ó gbọ́ tàbí tí ó rí tí ó fi sá? Ṣé ó bá a dáyé ni, àbí ó kọ́ ọ lára ìyá rẹ̀? Àǹfààní wo ni sísá náà ṣe fún ara rẹ̀? Báwo ni ìtàn ìran rẹ̀, ẹranko orí òkè láti Ìwọ̀-oòrùn Éṣíà, ṣe kàn án? Ìdáhùn sí ọ̀kan kò pa ìyókù rẹ́.

Ti ajá gba ìṣọ́ra jù, nítorí pé òun náà ń ṣọ́ wa. “Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ” ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìwádìí, “kò wá” nìkan ni a lè kọ. Bóyá ó gbọ́, ìyẹn ọ̀tọ̀. Ní Jámánì, wọ́n gbà pé ẹṣin kan tí ń jẹ́ Hans mọ ìṣirò, àfi ìgbà tí Oskar Pfungst fi hàn ní ọdún 1907 pé orí ẹni tí ó ń bi í ní ìbéèrè ni ó ń wò: bí onítọ̀hún kò bá mọ ìdáhùn, ẹṣin náà kò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ajá yín ń tẹ̀ lé ìka tí a nà, ẹ da abọ́ méjì dé, kí ẹ fi ẹran pa inú méjèèjì kí òórùn má baà tú àṣírí, kí ẹ sì fi ẹran sábẹ́ ọ̀kan. Ẹni tí ó di ajá mú gbọ́dọ̀ di ojú tirẹ̀. Ẹ nawọ́ sí abọ́ náà nígbà 20, kí ẹ máa pààrọ̀ ìhà nípa sísọ owó ẹyọ sókè, lẹ́yìn náà kí ẹ tún ṣe 20 láìnawọ́. Ajá tí ó kàn ń méfò kì í sábà rí ju 10 lọ dáadáa. Pé kí ó rí 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú 100. Bí ó bá rí 12, ẹ kọ 12 sílẹ̀, kí ẹ sì lọ tọrọ ajá aládùúgbò.