Bí mo ṣe gbèjà àbá ìwádìí mi lórí ẹ̀fọn oko ẹ̀fọ́

Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí mo wà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá oníyè kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀fọn, ẹja tàbí eku kankan jọ títí tí yóò fi dúró níwájú ìgbìmọ̀ olùyẹ̀wò, tí yóò ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe, tí yóò sì dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bá bi í. Mo ti ṣe tèmi, wọ́n sì ti buwọ́ lù ú. Nítorí pé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi kò yé wádìí lẹ́nu mi ohun tí wọ́n ń béèrè nínú yàrá náà, mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe lọ.

Iṣẹ́ mi dá lórí Anopheles gambiae àti àwọn ìbátan rẹ̀, ìyẹn ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri nílẹ̀ wa. Nínú gbogbo àwọn tí ibà ń ṣe lágbàáyé lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ ará Nàìjíríà, nẹ́ẹ̀tì olóògùn sì wà lára ohun ìjà tí a gbójú lé jù lọ. Oògùn inú àwọn nẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, bíi permethrin àti deltamethrin, jẹ́ ti ìdílé pyrethroid. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú sí etí odò láàárín ìlú Ìbàdàn náà ń fín oògùn tó jẹ́ ti ìdílé kan náà sí ẹ̀fọ́ wọn, omi tí wọ́n ń wọ́n sí ẹ̀fọ́ náà sì máa ń dúró sínú poro tó wà láàárín ebè. Inú poro yẹn ni tanwíji ń dàgbà sí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ̀fọn tó jáde láti inú irú omi bẹ́ẹ̀ ń fara da oògùn ju èyí tó jáde láti inú kòtò omi òjò ní àdúgbò tí kò sí oko.

Kí n tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, alábòójútó mi ní kí n kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn àgbẹ̀ náà, n kò sì rí ìmọ̀ràn tó wúlò fún mi tó ìyẹn. Nígbà tí mo béèrè orúkọ oògùn tí wọ́n ń lò, ìyá kan kó ìgò mẹ́ta jáde láti abẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò ní àkọlé mọ́ lára. Ó ní òórùn rẹ̀ lòun fi ń dá a mọ̀. Lẹ́bàá ibẹ̀ ni mo ti rí nẹ́ẹ̀tì búlúù kan tí ó ta bo àwọn èhù ẹ̀fọ́ kéékèèké kí adìyẹ má baà wú wọn. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pín fún wọn láti máa sùn sábẹ́ rẹ̀ ni, ó kàn ti gbó ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì fi í sínú àbá náà gẹ́gẹ́ bí ohun tó lè da ìdáhùn rú.

Nígbà tó wá kan kíkọ, ibi tó gba ààrọ̀ àti alẹ́ lọ́wọ́ mi kì í ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn tó ti ṣe é ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló gùn jù nínú ìwé náà. Tábìlì kan ni mo yà, tí mo kọ èròńgbà kọ̀ọ̀kan sí apá òsì, tí mo sì kọ ohun tí n óò kó jọ, ohun tí n óò kà, àti bí n óò ṣe ṣírò rẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, mo kọ irú èsì tí yóò mú kí n gbà pé ohun tí mo rò kò rí bẹ́ẹ̀. Òpó ìkẹyìn yìí ló le jù. Èròńgbà kan wà tí n kò rí nǹkan kan kọ sí iwájú rẹ̀ níbẹ̀, mo sì yọ ọ́ kúrò pátápátá, torí pé bí kò bá sí èsì tó lè já èròńgbà ní koro, kò sí ohun tí a ń dán wò. Mo gbà pé tábìlì yìí ló gbà mí lọ́jọ́ náà ju gbogbo àwòrán aláràbarà tí mo kó sórí sláìdì lọ. Àwọn ojúgbà mi bá mi ṣe ìdánrawò nínú yàrá ìwádìí wa, wọ́n ń ṣe bí olùyẹ̀wò tó ń bínú, wọ́n sì ṣe é dáadáa.

Ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n fún mi láti sọ̀rọ̀. Mo kí àwọn àgbà bó ti yẹ, mo sọ ohun tí iṣẹ́ náà dá lé, mo sì yára dé orí ọ̀nà tí n óò gbà ṣe é, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ.

Onímọ̀ ìṣirò ló kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀. Mo ti sọ pé ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni n óò tẹ̀ lé: abo ẹ̀fọn 20 sí 25 tí kò tíì mu ẹ̀jẹ̀ nínú túùbù kọ̀ọ̀kan, túùbù mẹ́rin fún oògùn kan, èyí tí yóò jẹ́ nǹkan bí 100 ẹ̀fọn, pẹ̀lú túùbù méjì tí kò ní oògùn nínú láti fi wọ̀n ọ́n. Wọn yóò lo wákàtí kan lọ́dọ̀ oògùn, a ó sì ka òkú wọn lẹ́yìn wákàtí 24. Ó bi mí pé, “Ọgọ́rùn-ún yẹn, bí ó bá jẹ́ inú poro kan ṣoṣo lo ti kó wọn ńkọ́?” Ìbéèrè náà jinlẹ̀ ju bó ṣe dún lọ. Ẹ̀fọn tó ti ojú omi kan jáde lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, tó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ìdílé kan ṣoṣo ni mo dán wò, bí wọn ìbáà tilẹ̀ pọ̀ tó. Mo fi hàn án pé láti ojú omi púpọ̀ tó jìnnà síra ni n óò ti máa kó tanwíji ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, àti pé oko mẹ́fà àti àdúgbò mẹ́fà ni mo fẹ́ fi wéra. Ó gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ketekete pé ibùdó ni ẹyọ tí n óò fi ṣe ìṣirò, kì í ṣe ẹ̀fọn kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó tẹ̀ lé e béèrè ààlà. Èyí rọrùn: bí ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kú, oògùn ṣì ń ràn wọ́n, bí ó bá wà láàárín 90 sí 97, a ó fura, a ó sì tún un yẹ̀ wò, bí kò bá tó 90, wọ́n ti ń fara da oògùn náà nìyẹn. Ó tún fẹ́ mọ ohun tí n óò ṣe bí àwọn tí kò rí oògùn bá ń kú. Mo ní bí òkú wọn bá ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ńṣe ni n óò da ìdánwò náà nù, tí n óò sì tún un ṣe.

Ìgbà náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n pè wá láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn gbé gíláàsì rẹ̀ sórí tábìlì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa ti ń sọ bọ̀, àmọ́ Yorùbá ni bàbá yìí fi bi mí: “Ọmọ mi, bí ẹ̀fọn oko ò bá wá kú, ta lo fẹ́ mú? Ṣé àgbẹ̀ ni àbí nẹ́ẹ̀tì?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti lè wó.

Mo dáhùn pé, “Bó bá jẹ́ pyrethroid nìkan ni mo dán wò, sà, n kò ní lè mú ẹnikẹ́ni, torí pé ó wà nínú ìgò àgbẹ̀, ó sì wà lára nẹ́ẹ̀tì.” Mo wá ṣàlàyé pé ìdí nìyẹn tí mo fi fi bendiocarb kún un. Bendiocarb jẹ́ ti ìdílé oògùn mìíràn tí ń jẹ́ carbamate, a kì í sì í fi sára nẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ̀fọn oko bá ń fara da òun náà, tí ti àdúgbò sì ń kú, yóò ṣòro láti sọ pé nẹ́ẹ̀tì nìkan ni ìdí rẹ̀. N óò tún kọ́kọ́ fi èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PBO (piperonyl butoxide) kan díẹ̀ lára wọn kí n tó fi pyrethroid kàn wọ́n. PBO kì í pa ẹ̀fọn fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n yẹn. Ó ń dí àwọn èròjà inú ara ẹ̀fọn tó máa ń fọ́ oògùn sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ ni. Bí àwọn tí kò kú tẹ́lẹ̀ bá wá ń kú lẹ́yìn PBO, a mọ̀ pé fífọ́ oògùn náà wà lára ọgbọ́n tí wọ́n ń dá. N óò sì fi PCR, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń sọ àbùdá díẹ̀ di púpọ̀ kí a lè rí i kà, wá ìyípadà tí wọ́n ń pè ní L1014F nínú àbùdá wọn, èyí tí kì í jẹ́ kí oògùn ráyè lẹ̀ mọ́ ojú ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ lára iṣan ìmọ̀lára wọn bó ti yẹ. Mo tún sọ fún un nípa nẹ́ẹ̀tì tí mo rí lórí èhù ẹ̀fọ́, pé ó wà nínú ìbéèrè tí n óò bi àwọn àgbẹ̀.

Bàbá náà mi orí, ó ní nẹ́ẹ̀tì orí ebè yẹn ló dùn mọ́ òun jù nínú gbogbo ohun tí mo sọ. Síbẹ̀ kò fi mí sílẹ̀. Ó ní èròńgbà mi kẹta ṣì ń dún bí ẹni pé n óò fi ẹ̀rí ohun tó fa ìfaradà hàn, bẹ́ẹ̀ ìfiwéra ibùdó kan sí òmíràn kò lè ṣe ju pé kó fi hàn pé méjèèjì jọ ń rìn pọ̀. Ó ní kí n dín in kù sí ìwọ̀n yẹn. Ó tọ̀nà.

Onímọ̀ kòkòrò mú mi lórí ọ̀rọ̀ àkókò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kòtò omi òjò ní àdúgbò máa ń gbẹ, ṣùgbọ́n poro oko kì í gbẹ torí pé wọ́n ń wọ́n omi sí i. A fẹnu kò pé ìgbà òjò nìkan ni n óò fi oko wé àdúgbò, pé ti ẹ̀ẹ̀rùn yóò jẹ́ ti oko nìkan, n kò sì ní pa wọ́n pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí kò pẹ́, nítorí pé tanwíji ni mò ń kó, n kò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó kí ẹ̀fọn wá bà lé e lẹ́sẹ̀. Wọ́n kàn ní kí ìwé ìfọwọ́sí àwọn àgbẹ̀ wà ní èdè Yorùbá, kí a kà á sókè fún ẹni tí kò lè kà á, kí ó sì hàn nínú rẹ̀ pé a kò ní fi orúkọ wọn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nítorí oògùn tí wọ́n ń lò.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn béèrè owó. Bébà olóògùn tí a ń tò sínú túùbù náà, Malaysia la ti ń rà á, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Penang tó ń bá Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe é. A kì í lo ọ̀kan ju ìgbà mẹ́fà lọ, inú fíríìjì ló sì gbọ́dọ̀ wà. Ó bi mí bí iná bá lọ ńkọ́. Mo ní ẹ̀ka wa ní ẹ̀rọ amúnáwá, ó sì wò mí bí ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà dáadáa. Ó ní kí n fi owó epo kún ìṣirò mi.

Wọ́n ní kí n bọ́ síta. Nígbà tí wọ́n pè mí padà, wọ́n ní àwọn gbà á pẹ̀lú àtúnṣe. Mo to àtúnṣe náà sínú tábìlì: ohun tí olùyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan béèrè, ohun tí mo ṣe sí i, àti ojú ewé tó wà. Alábòójútó mi kà á, ó buwọ́ lù ú, mo sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onípò gíga. Ní báyìí, mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí, mo sì ti ní kí wọ́n fi bébà permethrin, deltamethrin, bendiocarb àti PBO ránṣẹ́, kí wọ́n lè dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.