Bí mo ṣe yí oko wáìnì mẹ́ta ká lọ́jọ́ kan ní agbègbè Cape Town

Oko márùn-ún ni mo kọ sínú ìwé. Mẹ́ta ni ẹsẹ̀ mi tó, ẹ̀kẹta ọ̀hún gan-an, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ ohun tí mo mu níbẹ̀.

Oṣù Kejì ni èmi àti àbúrò mi lọ, torí ìgbà yẹn ni wọ́n ń ká àjàrà lọ́hùn-ún. A háyà mọ́tò àti dẹ́rẹ́bà fún odindi ọjọ́. Ẹ má dán an wò pé ẹ fẹ́ wa ọkọ̀ fúnra yín o, ẹ sì jẹun yó kí ẹ tó jáde.

Groot Constantia la kọ́kọ́ yà sí, torí òun ló sún mọ́ ìgboro jù. Ọdún 1685 ni Simon van der Stel, tó ń ṣàkóso Cape fún àwọn Òyìnbó Họ́láńdì, gba ilẹ̀ ibẹ̀. Ilé funfun ńlá náà rẹwà, àmọ́ ẹrú ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ oko yẹn, ojú mi ò sì kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Ọtí tó sọ ibẹ̀ di olókìkí dùn bí oyin. Wọ́n á jẹ́ kí àjàrà hunjọ lórí igi kí wọ́n tó ká a, kí adùn rẹ̀ lè ki. Napoleon pàápàá, tó ti jẹ olú ọba ilẹ̀ Faransé rí, nígbà tí wọ́n lé e lọ sí erékùṣù Saint Helena, òun ni wọ́n ń gbé fún un.

Gíláàsì márùn-ún ni wọ́n tò síwájú mi, díẹ̀díẹ̀ nínú ìkọ̀ọ̀kan. Garawa kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí mo rò pé ti yìnyín ni. Ọmọbìnrin tó ń bu ọtí fún wa ní kí n fi yí ẹnu ká, kí n tu ú síbẹ̀. Kí n fowó ra ọtí, kí n wá tu ú dànù? Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì. Àbúrò mi ń tu tirẹ̀, mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó di Kanonkop, lẹ́bàá òkè Simonsberg ní Stellenbosch. Láyé àtijọ́, ìbọn àgbá ni wọ́n ń yìn lórí òkè ibẹ̀ kí àwọn àgbẹ̀ lè mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi ti gúnlẹ̀, kí wọ́n máa kó irè oko bọ̀. Ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá. Pinotage ni tiwọn, àjàrà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Abraham Perold mú jáde lára oríṣi àjàrà méjì, Pinot Noir àti Cinsaut, lọ́dún 1925. Wọ́n fún mi ní hóró àjàrà dúdú kan, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ bẹ́: omi inú rẹ̀ mọ́ gaara! Àṣé èèpo ló ń pa ọtí láró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọ̀pá ti èèpo tó bá léfòó wọlé padà nínú kòtò kọnkéré, ní wákàtí méjì-méjì. Wọ́n ní ọtí náà lè lo ọdún mẹ́wàá nínú ìgò kó ṣì máa dùn sí i. Ẹmu tó ń kan kí ilẹ̀ tó ṣú lèmi mọ̀ ní tèmi.

Nígbà tí a fi dé Boschendal, lójú ọ̀nà Franschhoek, gbogbo ọtí ti di ọ̀kan náà lẹ́nu mi. Àbúrò mi ń sọ pé èyí ń ta sánsán bí ata gbígbẹ. Èmi ń wá ibi tí mo máa jókòó sí. Abẹ́ igi ni mo sùn sí, dẹ́rẹ́bà ló wá jí mi.

Àbúrò mi ló yan ìgò mẹ́ta tí a gbé wálé. Òun nìkan ló rántí èyí tó dùn.