Bí mo ṣe sun èèpo pákí di èédú ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Igi ni àwọn ìyá wa fi ń yan gàárì ládùúgbò wa, igi ọ̀hún sì ń wọ́n sí i lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀, èèpo pákí ń jẹrà gègèrè lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ. Mo ní kí n sun ún di èédú fún wọn.

Àpò mẹ́fà ni mo kọ́kọ́ kó, ó tó 120 kílò. Oṣù Keje ni. Bí mo bá sá a láàárọ̀, òjò á lé mi kó o wọlé lọ́sàn-án. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ìdajì rẹ̀ ti bu, mo dà á nù. Ìyókù gbẹ tán, kò ju 20 kílò lọ. Omi ló pọ̀ jù nínú èèpo tútù.

Mo lu ihò sídìí dúrọ́ọ̀mù, mo kó èèpo sínú rẹ̀, mo ṣáná sí i látòkè. Èéfín funfun ló kọ́kọ́ ń rú bùlà. Nígbà tó fúyẹ́, mo dé e, mo fi amọ̀ rẹ́ etí àti ìdí rẹ̀ pátápátá, torí bí atẹ́gùn bá wọ̀ ọ́, eérú lásán lèèyàn máa bá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èèpo ti dúdú kirikiri, ó ń ró wọnwọn bí àpáàdì. Kílò mẹ́fà! Mo gún un, mo fi sítáàṣì gbígbóná pò ó, mo fi agolo mílíìkì mọ ọ́n. Kò tètè ràn, àmọ́ kò rú èéfín, ó sì yan gàárì agbada méjì.

Inú mi dùn, mo padà lọ kó èèpo sí i. Màmá tó ni ẹ̀rọ wò mí: “Ọmọ mi, bí o bá kó gbogbo ẹ̀ lọ, kí làwọn ewúrẹ́ mi máa jẹ?” Àṣé ẹlẹ́lẹ́dẹ̀ kan pàápàá ti ń san owó èèpo náà fún un. Ohun tí mò ń pè ní pàǹtí ti ní olówó. Nígbà òjò, èèpo wà, oòrùn ò sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn wà, ilẹ̀ le, pákí ò ṣeé fà, èèpo ò tó nǹkan.

Láti 2007 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n máa fi ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí líle tó ń jó bí epo, ìdá 10 nínú 100 lu bẹntiróòlù, pákí sì wà lára ohun tí wọ́n fojú sùn fún un. Èmi tí mò ń wá àpò mẹ́fà péré, ewúrẹ́ ni mo bá du ú. Ẹ́tánọ́ọ̀lù ní tirẹ̀, gàárì wa gan-an ló máa bá du pákí.

Èmi àti Màmá ti fẹnu kò sí àpò méjì lọ́sẹ̀. Mo sì ti ń kan àjà sókè ibi tí wọ́n ti ń yan gàárì, kí ooru iná wọn máa bá mi gbẹ ẹ́ kí òjò mìíràn tó dé.