Alùpùpù tí kò mú ràláńtì: àwọn àṣìṣe tí à ń ṣe kí a tó rí ohun tó ń ṣe é

Ní Kétu wa níbí, ní Bẹ̀nẹ̀, tí ẹ bá kọjá níbi tí àwọn zem, àwọn ọlọ́kadà wa, ń dúró sí láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ: pu-pu-pu, ó dákẹ́, pu, ó tún fẹ́ kú. Ẹni tó jókòó lé e kò jẹ́ fi ọwọ́ epo sílẹ̀. Ó ń bá èrò dúnàá-dúrà, ó sì ń yí ọwọ́ epo, vùùn, vùùn, torí ó mọ̀ pé bí òun bá fi sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, òun yóò tún fẹsẹ̀ ta á. Àmọ́ tó bá ti bọ́ sójú ọ̀nà Pọ̀bẹ̀ tó fún un lépo dáadáa, ẹ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é.

Kò mú ràláńtì là ń wí. Àwọn ará Nàìjíríà á ní kò mú sìlò. Kábúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, ni gbogbo wa sì máa ń jù sẹ́wọ̀n kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi náà ṣe é. CG125 àlòkù ni mo ní, èyí tí Honda bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1976, tí àwọn ará Ṣáínà wá ń ṣe irú rẹ̀ lóríṣiríṣi. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú mọ́ mi lọ́wọ́, mo mú súkúrù ràláńtì, mo yí i wọlé díẹ̀. Ó mú. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún bẹ̀rẹ̀, mo tún yí i. Kí oṣù náà tó parí, alùpùpù mi ń pariwo lójú kan bíi pé ó fẹ́ fò. Lọ́jọ́ ọjà kan mo tẹ jíà kìíní, ó já wọlé gbà!, ó sì fi mí sọ síwájú. Díẹ̀ ló kù kí n gorí igbá gàrí obìnrin kan. Ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohun tó fi mí pè.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun náà ló sì burú jù nínú gbogbo wọn: kí ẹ fi súkúrù ràláńtì bo àìsàn mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ súkúrù yẹn kò ju pé kó gbé ìlẹ̀kùn inú kábúrétọ̀ sókè díẹ̀. Kò wo nǹkan kan sàn. CG125 tó péye yẹ kó máa yí tó nǹkan bíi ìgbà 1,400 ní ìṣẹ́jú kan tí ẹ bá fi ọwọ́ epo sílẹ̀. Tí ẹ bá tì í kọjá ibẹ̀ kó má baà kú, kílọ́ọ̀ṣì àti jíà ni yóò san gbèsè. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: bí ìlẹ̀kùn yẹn bá ti gòkè jù, ihò kékeré tí ràláńtì ń lò kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Ohunkóhun tí ẹ bá wá ṣe sí súkúrù kejì, èyí tó ń ṣètò epo àti afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnì kò ní dá yín lóhùn.

Súkúrù kejì yìí ló ń da orí ọ̀pọ̀ rú. Ẹ wo ibi tó wà. Bó bá wà lápá ibi tí fíltà afẹ́fẹ́ wà, afẹ́fẹ́ ló ń dá lọ́nà. Tí ẹ bá yí i wọlé, afẹ́fẹ́ dín kù, epo á pọ̀. Bó bá wà lápá ẹ́ńjìnì, epo ló ń dá lọ́nà. Tí ẹ bá yí i wọlé, epo á dín kù. Òdìkejì ara wọn ni wọ́n. Mo ti rí ẹni tó fi gbogbo ọ̀sán kan yí ti tirẹ̀ sọ́tùn-ún nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí alùpùpù méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Kí ẹ tó tú u rárá, ẹ rọra yí i wọlé títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, ẹ máa ka iye ìyípo, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù, iye náà máa ń wà láàárín ìyípo kan àtààbọ̀ sí méjì àtààbọ̀. Mo ní kí ẹ rọra o. Ẹnu rẹ̀ mú ṣóṣóró. Ẹni tó bá fi agbára dè é yóò ba ihò tó jókòó sí jẹ́, kò sì sí súkúrù tuntun tí yóò tún un ṣe.

Wáyà wá ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń fa wáyà yọ lára okùn bíréèkì láti fi gún jẹ́ẹ̀tì, ohun kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Jẹ́ẹ̀tì ràláńtì lórí ọ̀pọ̀ 125, ihò rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.4 mílímítà. Idẹ ni wọ́n fi ṣe é, idẹ sì rọ̀. Tí wáyà irin bá fẹ̀ ẹ́ dé 0.45 péré, ojú tí ẹ kò lè fi rí i, ọ̀nà tí epo ń gbà kọjá ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin pọ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà lọ, alùpùpù yẹn yóò máa mu epo, bùjí tó ń ṣáná sí epo yóò máa dúdú, ẹ ó sì máa bú ẹni tó ta epo. Ẹ rẹ jẹ́ẹ̀tì náà sínú epo mọ́jú, ẹ gbé e lọ bá fọkanáísà kó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, kí ẹ wá nà án sójú oòrùn. Tí ìmọ́lẹ̀ tó gbà á jáde bá rí roboto, ó ti mọ́. Tó bá rí bí oṣù lé, ìdọ̀tí ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn kan kì í tilẹ̀ bi ara wọn pé níbo gan-an ni àìsàn náà ti ń ṣe é. Jẹ́ẹ̀tì ńlá tó wà láàárín ni wọ́n máa ń sáré lọ pààrọ̀. Jẹ́ẹ̀tì ńlá kò dá sí ọ̀rọ̀ ràláńtì. Láti ibi tí ẹ fi ọwọ́ epo sílẹ̀ títí dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo rẹ̀, ti jẹ́ẹ̀tì kékeré ni. Abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ ló ń gbà á láàárín. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yí i tán ni ti ńlá bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń sáré dáadáa lójú títì, ti ńlá kò jẹ̀bi.

Kpayo, epo fàyàwọ́ tó ń ti Nàìjíríà wá, náà kì í ṣe ọ̀daràn ní gbogbo ìgbà. Mo mọ̀ pé nínú dàmíjánì àti ìgò ẹ̀bá ọ̀nà, omi àti ìdọ̀tí lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí kpayo sì gbówó lórí, ọ̀pọ̀ wa ti yà sí ilé-epo, tí a wá ń ní, "Mo ra epo gidi, ó sì tún ń kú." Epo gidi lẹ dà lé ìdọ̀tí ọdún mẹ́wàá tó wà nísàlẹ̀ táńkì. Ẹ tú súkúrù kékeré tó wà nísàlẹ̀ kábúrétọ̀, ẹ gba ohun tó bá jáde sínú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ gbé e kalẹ̀ díẹ̀. Omi wúwo ju epo lọ. Yóò rọra sùn sísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Tí ẹ bá rí i, táńkì lẹ máa fọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.

Fíltà: ẹ má yọ ọ́ sọnù kó lè "mí dáadáa". Eruku pupa ọ̀nà wa yìí yóò jẹ ẹ́ńjìnì náà tán.

Bùjí, ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí ẹ ti sáré délé. Ohun tí ẹ máa rí lójú rẹ̀, ti eré lójú títì ni. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lójú kan fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ pa á, kí ẹ wá tú u. Dúdú gbígbẹ, epo pọ̀ jù. Funfun, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Kí ẹ tún wo àlàfo rẹ̀, 0.6 sí 0.7 mílímítà.

Nípa fáàfù, àwọn ìlẹ̀kùn inú ẹ́ńjìnì tó ń ṣí tó ń pa dé, àwa tí a fẹ́ràn ẹ́ńjìnì tó dákẹ́ rọ́rọ́ ń tan ara wa jẹ. Bí àlàfo fáàfù bá ti fún jù, ariwo rẹ̀ á lọ, inú wa á dùn, ṣùgbọ́n tí irin bá gbóná, fáàfù kì í pa dé tán mọ́. Afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnì ń jò, ràláńtì a sì máa kú. Àmì rẹ̀ ni pé láàárọ̀ tútù ó ń ṣe dáadáa, ọ̀sán ló ń dà wá láàmú. Lórí CG125, 0.08 mílímítà ni, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù pátápátá. Kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti Ìlárá dé tí ó ń ta yín lọ́wọ́.

Ti alùpùpù tèmi wá ńkọ́? Mo ti fọ kábúrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ti ra bùjí tuntun, mo ti pààrọ̀ okùn iná, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, tó fi jẹ́ pé tó bá tilẹ̀ sàn n kò ní mọ èyí tó wò ó. Bàbá mẹkaníìkì kan ló dá mi dúró. Ó ní kí n tan alùpùpù náà, kí n fi ọwọ́ epo sílẹ̀. Ó bu omi ọṣẹ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tó lu ideri rẹ̀ níhò, ó ń rọra tẹ̀ ẹ́ sí ibi tí kábúrétọ̀ ti so mọ́ ẹ́ńjìnì. Lápá òkè, kò sí nǹkan kan. Lápá ìsàlẹ̀, omi náà rá sínú, fíìì, ìró ẹ́ńjìnì sì yí padà lójú ẹsẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "epo lo ń bá jà, afẹ́fẹ́ ló ń yọ́ wọlé níhìn-ín."

Àwọn kan máa ń fi epo ṣe irú àyẹ̀wò yìí, wọ́n á máa wọ́n ọn sára ẹ́ńjìnì tó gbóná. Iná tó jó ibi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí ní Sèmè-Podji ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2023 pa èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n. Omi ọṣẹ ti tó.

Gásíkẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ kan ló ti gbẹ, tó sì ya. A fi tuntun sí i. Kí ó tó ní kí n tan án, bàbá náà na súkúrù-dúráfà sí mi, ó ní kí n dá ràláńtì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ o. Mo yí i, mo ń kà á sókè bó ṣe ní kí n ṣe. Ìyípo mẹ́ta àtààbọ̀ ni.